Abẹ́rẹ́ Inú Bátìrì

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí iná mànàmáná kò sì sí, bátìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú lé. Alátẹ a gbé àtùpà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọjà rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a sì tan tirẹ̀ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ àtùpà wọ̀nyí á ti kú. Ta ni kò ní fẹ́ bátìrì tí yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nínú bátìrì tẹlifóònù, lítíọ́mù ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì. Bí a bá fi iná sí i, á wọ inú èédú kan tí à ń pè ní gíráfáítì; bí a bá ń lò ó, á jáde. Gíráfáítì dà bí abà tí a ń kó iṣu sí: àyè ni ó ń gbà. Bí a bá fi ògidì lítíọ́mù rọ́pò rẹ̀, gíráàmù kan yóò gba iná tó ìlọ́po mẹ́wàá ti gíráfáítì.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Stanley Whittingham ṣe irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ Exxon ní Amẹ́ríkà. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí a bá tún fi iná sí i, lítíọ́mù kì í padà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ńṣe ni ó ń hù ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá gún awọ tín-ín-rín tí ó la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé òdìkejì, bátìrì lè gbiná. Ní 1989, irú èyí ṣẹlẹ̀ sí tẹlifóònù ní Jàpáànù, wọ́n sì kó bátìrì náà kúrò lọ́jà. Èédú tí Akira Yoshino ti lò ní 1985 ni ó borí. Sony gbé tirẹ̀ jáde ní 1991.

Síbẹ̀, ìwádìí kò dúró. Àwọn kan ń po èròjà mọ́ omi inú bátìrì kí ìbòrí tí ó le lè bo ojú lítíọ́mù. Àwọn mìíràn ń fi ohun líle bí amọ̀ sísun rọ́pò omi náà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ a máa rí ojú sísán gbà kọjá. Bí a bá sì ń fi iná sí i ní wàràwàrà, abẹ́rẹ́ a máa yára hù. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lítíọ́mù wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Nasarawa, ní Kwara àti ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n òkúta inú ilẹ̀ kì í tan iná; ọgbọ́n ní í tan án. Bátìrì tí ó pẹ́ dára. Èyí tí ìyá lè gbé sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí láìfòyà ni ó dára jù.