Hóró mélòó ló kù?

Nílé wa ní Kàbà, agogo méje kì í kọjá lásán. Bí ó bá lù láàárọ̀, àbúrò mi obìnrin yóò lo oògùn. Bí ó bá tún lù lálẹ́, yóò tún lò ó. Ọ̀kan nínú kíndìnrín mi méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bá aago sáré níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, n kò mọ̀ pé aago le tó báyìí.

Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Nígbà tí Joseph Murray ṣe iṣẹ́ abẹ yìí láṣeyọrí ní Boston lọ́dún 1954, ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ló ṣe é fún, ara kò sì bá ara jà. Àwa yòókù kò lè ṣe é láìsí oògùn bíi tacrolimus, tí àwọn ará Japan rí lára kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀ lọ́dún 1984.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ń fo ti alẹ́ kí oògùn lè pẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni àṣírí tú. Mo bínú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, owó yín ló ń tán, kì í ṣe oògùn nìkan.” Kíndìnrín náà kò kú, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà.

Mo wá rántí ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá ìyàwó mi fún ìfètò sọ́mọ bíbí. Ọdún mẹ́ta ni oògùn fi ń sun jáde nínú rẹ̀. Kí ló dé tí kò sí irú rẹ̀ fún àbúrò mi? Àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò lára ẹranko, ṣùgbọ́n ìṣòro wà ńbẹ̀. Ti ìfètò sọ́mọ bíbí, ìwọ̀nba bín-ín-tín ló tó lójúmọ́. Tacrolimus pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ó bá kéré, ara yóò kọ kíndìnrín. Bí ó bá pọ̀ jù, oògùn náà gan-an yóò bà á jẹ́. Dókítà lè dín hóró kù lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ti wà lábẹ́ awọ kò rọrùn láti dín.

Kí ọ̀pá náà tó dé, èmi ni mò ń ka oògùn nílé wa. Bí ó bá ku ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má kàn bi í bóyá ó ti lo oògùn. Ẹ bi í pé mélòó ló kù.