Ẹ̀kọ́ Èdè Sípéènì ní Ilé Yorùbá Kan ní Minna

Minna kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fi èdè kan ṣoṣo gbé. Àwọn Gbagyi ni wọ́n ni ilẹ̀ náà. Àwọn Tápà kò jìnnà sí wọn. Haúsá sì ni èdè ọjà. Ibẹ̀ ni ojú irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano, tí ìjọba sì fi méjèèjì sábẹ́ àkóso kan ní ọdún 1912. Àwọn Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò wà lára àwọn tí ó bá ojú irin náà dé. Nígbà tí ìlú náà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní ọdún 1976, òṣìṣẹ́ ìjọba àti tíṣà tún kún wọn. Ọmọ Yorùbá tí a bá bí síbẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Haúsá níta, ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin tíṣà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣòwò ní Malabo, ní Guinea Equatorial, orílẹ̀-èdè tí Sípéènì ṣàkóso títí di ọdún 1968, tí èdè Sípéènì sì jẹ́ èdè ìjọba rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí ìyá àgbà bá gba tẹlifóònù, orí ìkíni ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ìdí nìyí tí àbúrò fi ra ìwé gírámà Sípéènì kan tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí òun lè máa ṣe ògbufọ̀.

Díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà lé e sá. Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì kan ṣoṣo a máa yí ìrù padà bí ọ̀gà. Como ni “mo ń jẹ”, comes ni “o ń jẹ”, comemos ni “à ń jẹ”. Èyí kò tíì burú. Ibi tí ẹrù ti wúwo ni ohun tí ó ti kọjá, nítorí Sípéènì ní comí, ó tún ní comía. Ìwé náà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan náà túmọ̀ méjèèjì nígbà mìíràn, ó sì to òfin rẹpẹtẹ sílẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há wọn sórí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pa ìwé náà dé, ó sì kọ àpẹẹrẹ méjì ní Yorùbá. Ayer comí ñame: mo jẹ iṣu lánàá. Cuando era niña, comía ñame: nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jẹ iṣu. Ohun tí ìwé fi ojú ewé mẹ́fà ṣàlàyé ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń rá.

Àwọn kan ṣì ń wí pé Yorùbá kò ní àsìkò nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ẹni pé èdè tí kò bá yí ìrù padà kò ní gírámà. Ìwé Crowther lórí èdè náà ti jáde láti ọdún 1843, ti Bámgbóṣé sì tẹ̀ lé e ní 1966. Ẹni tí kò bá kà wọ́n kò ní àwíjàre. Òótọ́ ni pé Yorùbá kì í fi ìgbà kan àná sọ́tọ̀ kúrò lára òní, ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ fi pe àsìkò náà ní afànámónìí. Ohun tí ó ká Yorùbá lára ni bí ìṣe ṣe rí: ṣé ó ń lọ lọ́wọ́ ni, èyí tí í ṣe ibá atẹ́rẹrẹ, àbí ó ti di àṣà, èyí tí í ṣe ibá bárakú? Comía gba méjèèjì mọ́ra. Comí kò gba ọ̀kankan.

Bákan náà ni ti soy àti estoy, tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di ẹyọ kan. Soy maestra: mo jẹ́ tíṣà. Estoy en Minna: mo wà ní Minna. Estoy bien: mo wà dáadáa. Ta ni yóò fi “jẹ́” síbi tí “wà” yẹ kí ó wà?

Orí “kí” àti “pé” ni ìdùnnú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Yorùbá kò jẹ́ wí pé “mo fẹ́ pé ó wá”. Sípéènì ní que kan ṣoṣo fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yí padà: sé que viene, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀; quiero que venga, mo fẹ́ kí ó wá. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ tí ó kéré jù ké láti Malabo pé, “Abuela, quiero que vengas.” Ògbufọ̀ kò ṣí ìwé. Ó ní, “Ìyá àgbà, ó ní òun fẹ́ kí ẹ wá.” Ọmọdé náà kò lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ògbufọ̀ ni ó bá a fi “ẹ” sí i. Ìyá àgbà dáhùn pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, àbúrò sì rí i pé ojalá ni Sípéènì ń lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn tí ń sọ èdè Lárúbáwá nígbà tí wọ́n jọba níbẹ̀.

Haúsá náà kò gbẹ́yìn. Ní Haúsá, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni ó ń ru àsìkò: na tafi, mo lọ, ina tafiya, mo ń lọ, zan tafi, n ó lọ, nakan tafi, mo máa ń lọ. Ẹni tí ó ti mọ èyí ní ọjà Minna kò ní bẹ̀rù pé kí ẹni àti àsìkò jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Haúsá tún ní akọ àti abo: littafi, ìwé, jẹ́ akọ, mota, ọkọ̀, jẹ́ abo. Nítorí náà, nígbà tí Sípéènì sọ pé tábìlì jẹ́ abo, kò yà á lẹ́nu. Yorùbá nìkan kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Àmì orí fáwẹ́lì tilẹ̀ fẹ́ tàn án jẹ. Hablo ni “mo ń sọ̀rọ̀”, habló ni “ó sọ̀rọ̀”. Ojú Yorùbá ti mọ́ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín “o” àti “ó”, ṣùgbọ́n àmì Sípéènì kì í ṣe àmì ohùn. Ó ń fi sílébù tí a óò tẹ̀ mọ́ hàn ni.

Ó ti dé orí fui báyìí. Fui a Malabo: mo lọ sí Malabo. Fui maestra: mo ti jẹ́ tíṣà nígbà kan rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún lílọ àti fún jíjẹ́, kò sì sí ìrànlọ́wọ́ láti ilé tàbí láti ọjà. Ó ti kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ó sì ń kà á bí ó ti ń ro àmàlà.