Bẹ́líìtì Ń Já Lemọ́lemọ́? Ẹ Yẹ Púlì Wò Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Bẹ́líìtì mẹ́ta ló já mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá. Èyí tí a ti bẹ kalẹ̀ ń dúdú, a wá ń bú ẹni tó ta bẹ́líìtì fún wa pé ayédèrú ni. Àṣé bóòtù ìdí ẹ́ńjìnnì ló tú! Ẹ́ńjìnnì ti yẹ̀, púlì méjèèjì ò dọ́gba mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ya.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ na okùn tínrín gba ojú púlì méjèèjì. Tí okùn ò bá kan etí wọn níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sún ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kàn án, kí ẹ tó dè é.

A ti lọ bẹ ọlọ́jà wa.