Ṣé Kíkọ́ni ní Mímòòkùn Lè Bọ́ni?

Nínú yàrá tí a háyà ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀rẹ́ wa kan ní kíkọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lókun lòun fẹ́ fi jẹun. A bú sẹ́rìn-ín: “Ta lo fẹ́ kọ́?”

Ó dárúkọ Harrison Okene. Ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó ti ń se oúnjẹ rì lọ́dún 2013. Ó lo nǹkan bí 60 wákàtí nísàlẹ̀ òkun kí àwọn amòòkùn tó yọ ọ́. Òun náà padà di amòòkùn.

A ní akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ olùkọ́; ibo ló ti máa rí wọn lóṣooṣù?

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Yorùbá ńkọ́?”

Ẹ̀rín pa rẹ́ lẹ́nu wa. Iṣẹ́ ìtumọ̀ àti lẹ́sìnnì la fi ń ti tiwa lẹ́yìn. Kí òun náà wá nǹkan tì í. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.