Bàbá Mi Kò Sọ Pé Òun Ń Padà

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni onílé wa ní Ṣómólú sọ owó ilé di ìlọ́po méjì. Ó ní kí ẹni tí kò bá lè san án kó jáde. Bàbá mi ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú kí wọ́n tó bí mi, ẹni tó bá sì mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ káàdì ìgbéyàwó Èkó ti ń wá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan dáadáa mọ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ náà ti jẹ èrè tán láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Nígbà tó pè mí ní Ìbàdàn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"A máa kó kúrò l'Ékòó. Ìwọ lo súnmọ́ ibẹ̀, bá wa wo ibi tó dáa."

Ìbàràpá ni "ibẹ̀" yẹn. Ọmọ Igbó-Ọrà ni bàbá mi. (Rárá o, n kì í ṣe ìbejì. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Igbó-Ọrà ló ń bi mí. Ọbẹ̀ ìlasa tí wọ́n ní ó ń fa ìbejì, mo ti jẹ ẹ́ yó, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.) Ẹ̀gbá ni màmá mi, ó sì ti sọ tirẹ̀ kíákíá: ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí, òun kò sì ní gbé inú agboolé àwọn àna òun. Ó tún ń bẹ̀rù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Igangan lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Mo ṣàlàyé fún un pé Igangan jìnnà díẹ̀ sí Igbó-Ọrà, pé ìlú méje ló wà ní Ìbàràpá. Ó ní òun gbọ́, ṣé ọ̀kan kọ́ ni orúkọ gbogbo wọn ń jẹ́?

Mo wọ mọ́tò lọ sí Èrúwà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìlú náà wù mí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò gbóná bíi ti Èkó, Pólì sì wà níbẹ̀. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kò lè tán. Ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn tí Dókítà Awójọbí dá sílẹ̀ ní 1986 wà. Oníṣẹ́-abẹ tó kàwé ní Ìbàdàn ni, ìbá dúró sí ìlú ńlá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Èrúwà ló wá. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ irinṣẹ́. Àgbá kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó kú ní 2015, àmọ́ bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́kadà níbẹ̀, á rí nǹkan sọ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Igbó-Ọrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, mú mi wọ yàrá kan nínú agboolé. Wọ́n ti gbá a, ẹní wà nílẹ̀, ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Yàrá bàbá rẹ nìyí. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ún." Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ wo ilẹ̀ tí bàbá mi rà nígbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Búlọ́ọ̀kù ìdílé méjì ló wà níbẹ̀, koríko ti bo èyí tó kù.

Nígbà tí mo ròyìn délé, bàbá mi ní Èrúwà ni. Ó ní nítorí ilé ìwòsàn. Mo ní láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ó ní nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa tẹ̀wé. Mo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Ó ní kí n gbé fóònù fún màmá mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi kọ́ ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, òun ni.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn: lọ, wá, bọ̀, dé, padà. Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó sọ ìtàn bí a ṣe fẹ́ kó. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èrúwà, a máa "lọ" síbẹ̀. Abẹ́òkúta, à bá "lọ" síbẹ̀. Igbó-Ọrà tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí, ó ní a óò máa "yà" síbẹ̀. Mo dá ohùn náà padà, mo tún un gbọ́. Kò sí "padà", kò sí "bọ̀" kankan nínú rẹ̀. Ó ṣe tán, ẹni tó bá ń bọ̀ ni wọ́n ń kí kú àbọ̀, tí wọ́n sì ń wo ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún l'Ékòó, ilé kan kò dìde. Ní Èrúwà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kó ti kọ́lé.

N kò jiyàn mọ́. Èmi ni mo bá wọn rí yàrá méjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kan, mo sì sọ fún Ìyá Àgbà pé nítorí ilé ìwòsàn ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa.

Wọ́n kó lọ ní oṣù kẹjọ. Màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí ránṣẹ́ s'Ékòó, ó ń lérè ju bí ó ṣe rò lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá mi pè mí, ó ní òun yà sí Igbó-Ọrà.

Mo ní, "Ẹ dé ibi ilẹ̀ yín?"

"Mo débẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbó."