Ẹ̀kọ́ Wíwo Ẹṣin ní Pápá Cheltenham

Bí ọkọ̀ ojú irin bá gbéra ní Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí méjì ni yóò lò kí ó tó dé Cheltenham, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń dúró dè mí níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù àti ìwé pélébé kan lápò. Ó ti lé ní 30 ọdún tí Bàbá ti ń gbé ní Gloucester. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń gbé èrò lọ sí pápá ìsáré ẹṣin. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹṣin ti wọ̀ wọ́n lára. Wọn kì í ta tẹ́tẹ́. Wíwò ni tiwọn.

Pápá náà wà ní ìsàlẹ̀ òkè Cleeve, òkè tó ga jù ní àgbègbè Cotswolds, tí gíga rẹ̀ tó 330 mítà. Ilẹ̀ pápá ọ̀hún kò tẹ́jú. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ìparí rẹ̀ sì tún jẹ́ òkè tó máa ń tú àṣírí ẹṣin tí èémí rẹ̀ kò tó. Oṣù kẹta ni ìdíje ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ máa ń wáyé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, ni àwọn tó mọ ẹṣin máa ń wá wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Eré fífo ìdènà yìí ti pẹ́. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1752, ọkùnrin méjì ní Ireland fi ẹṣin díje láti ṣọ́ọ̀ṣì Buttevant dé ṣọ́ọ̀ṣì Doneraile. Ṣóńṣó ilé ìjọsìn tí wọ́n ń wò lókèèrè ni atọ́nà wọn. Gbogbo ọgbà àti kòtò tó wà lọ́nà ni wọ́n ń fò. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin a kọ́kọ́ fo ìdènà kékeré, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, tó sì máa ń tẹ̀ bí ẹṣin bá gbá a. Lẹ́yìn náà ni wọn a kọjú sí ìdènà ńlá tí wọ́n fi ẹ̀ka igi dì pinpin. Gíga èyí kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àtààbọ̀, kò sì fẹ́ àìbìkítà. Ẹṣin tí kò tíì borí rí nídìí ìdènà ńlá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí akọ́ṣẹ́.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fa àwọn ẹṣin yíká nínú agbo. Dúdú kan wọ̀ mí lójú. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń jó, ó ń mi orí, ó sì rán mi létí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde.

“Bàbá, èyí ló máa gbé ipò kìn-ín-ní.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹṣin Ojúde Ọba ni ìwọ ń wò. Ṣé o rí òógùn tó ti bo ọrùn rẹ̀? Kò tíì sáré, ó ti ń ná agbára. Wo pupa tó ń bọ̀ lẹ́yìn un. Ara rẹ̀ balẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán.”

“Ṣé òun ló máa borí ni, sà?”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa borí lónìí la wá wò. Gbogbo wọn ló máa ṣàṣìṣe. Ohun tí kálukú bá ṣe lẹ́yìn àṣìṣe ni kí o wò.”

Eré bẹ̀rẹ̀. Ní ìdènà kẹta, pupa sún mọ́ ọn jù kó tó fò. Àyà rẹ̀ gbá ẹ̀ka igi, díẹ̀ ló sì kù kí agẹṣin rẹ̀ já bọ́. Nígbà tó dé ìdènà kẹrin, ó gé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú fúnra rẹ̀, ó sì fò ó kọjá wẹ́rẹ́. Bàbá kọ nǹkan sínú ìwé wọn.

Dúdú ti wà níwájú ní tirẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń fò, bí ẹni pé ó ní ìyẹ́, àwọn èrò sì ń hó yèè. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀, ó fò láti ibi tó jìnnà jù, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Agẹṣin dìde; ẹṣin kò dìde. Àwọn ọkùnrin kan sáré gbé aṣọ ìbòjú wá láti fi yí i ká. Bàbá ti sọ ìtumọ̀ aṣọ yẹn fún mi: bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ṣẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Àyà mi já. N kò tilẹ̀ mọ ẹni tó borí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tó dà bí wákàtí, wọ́n ká aṣọ náà kúrò, dúdú sì dìde, ó gbọn ara nù. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Pupa ló ṣe ipò kejì.

Nígbà tí a ń mu tíì, mo ní kí Bàbá sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó ti tán fún dúdú nìyẹn?

Wọ́n ní àwọn kan máa ń fi ara hàn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ní pápá yìí kan náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ni Arkle ti kọ́kọ́ sáré fo ìdènà ńlá, tó sì fi ẹ̀yìn àwọn yòókù sílẹ̀ tìrìn-tìrìn. Ó gba Ife Wúrà Cheltenham ní 1964, 1965 àti 1966. Ṣùgbọ́n Kauto Star ṣubú ní pápá Exeter ní 1ọdún 2005 nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Agẹṣin rẹ̀, Ruby Walsh, tún un gùn, ipò kejì ni wọ́n sì ṣe. Ẹṣin náà gba Ife Wúrà ní 2007, ó pàdánù rẹ̀ ní 2008, ó sì gbà á padà ní 2009, ohun tí ẹṣin kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀.

“Àwọn baba wa ní bí ẹṣin bá dáni, à tún ẹṣin gùn ni,” ni mo wí.

“Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kauto Star farapa lọ́jọ́ náà, kò sì sáré mọ́ títí sáà yẹn fi parí. Lónìí, òfin kò gbà kí agẹṣin tún ẹṣin gùn láti bá eré lọ lẹ́yìn tó bá ṣubú. A óò tún un gùn, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ dúdú náà sílẹ̀ pẹ̀lú ti pupa. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì kọ ibi tó ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún mú un jáde,” ni wọ́n wí, “ìdènà àkọ́kọ́ ni kí o wò.”