Eku Méjì Lójú Ọ̀nà Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni ìyàwó Ẹnjiníà fi kí i lálẹ́ ọjọ́ tí ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sórí tábìlì oúnjẹ. Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni ọkùnrin náà ń ṣe ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ rán an lọ sí ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì tún dé Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó ṣófo láàárín ìpàdé méjèèjì. Inú àlàfo yìí ni ó fẹ́ ki St Andrews bọ̀, ìlú kékeré etí òkun ní Scotland, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilé gọ́ọ̀fù.

Kì í ṣe fáàrí ni ó ń ṣe. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn òyìnbó kiri pápá. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi gbé e, wọn kò sì gbà á láyè rí láti gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Òyìnbó kan tí ó ń padà sílé ni ó fún un ní igi kan, irú èyí tí a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Igi náà ni ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìjà iṣẹ́ àti gọ́ọ̀fù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1457, nígbà ayé Ọba James Kejì, ilé aṣòfin Scotland fi òfin de gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé eré kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ráyè kọ́ ọfà títa tí wọn yóò fi dáàbò bo ìlú. Eku méjì ni wọ́n rí, wọ́n sì fẹ́ pa ọ̀kan. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ kò fẹ́ pa ìkankan. Ètò ni ó gbójú lé.

Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò ní Nẹ́dálándì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìrìnnà ẹyọ kan kò lè sùn ní ọ́fíìsì méjì lóru kan náà. Nítorí náà, oṣù kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò oṣù kẹfà: ti Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, ti Nẹ́dálándì tẹ̀lé e. Ó yan ọ̀nà pẹ̀lú. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé e dé Leuchars, bọ́ọ̀sì yóò sì gbà á níbẹ̀, nítorí pé láti 1969 ni ọkọ̀ ojú irin kò ti wọ St Andrews mọ́. Òfin eré gba igi 14 lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n dípò kí ó máa wọ́ wọn káàkiri, ó pinnu láti háyà igi níbẹ̀, kí ó mú ẹyọ kan péré kúrò nílé, igi bàbá rẹ̀.

Ibi ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an yàn-an. Ọjọ́ Àìkú ni ó fi sílẹ̀ fún eré, àṣé wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù ní pápá àtijọ́ náà lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà ìbò láti gbá a lọ́jọ́ Ajé gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Eku kan ti sá wọ oko èkejì.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ gbà á nímọ̀ràn: “Kọ ọ́ sínú ìwé pé ìpàdé wà ní Scotland. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?”

Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó rántí ẹni tí ó gbé ẹrù olówó fún ọdún mọ́kànlá, tí bọ́ọ̀lù kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀. Ó tọrọ ìsinmi ọjọ́ méjì, Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ni yóò san owó ọkọ̀, ilé ìtura àti eré. Bí owó bàálù láti Edinburgh lọ sí Amsterdam bá sì ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, òun ni yóò fi èlé rẹ̀ kún un. Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

“Bí ìbò kò bá wá mú yín ńkọ́, olówó orí mi?” ni ìyàwó bi í.

Ó ní òun ti ro ìyẹn náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ni ó lè rìn lórí pápá náà, àgbà, ọmọdé, títí kan ẹni tí ó fa ajá lọ́wọ́. Òun yóò mú igi bàbá òun dání, òun yóò sì rìn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀gá, kò sí agbẹ́rù.

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ká àwòrán ilẹ̀ náà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ fi aṣọ wé igi náà dáadáa,” ni ó wí, “kí ó má bàa kán sínú àpótí.”